Bí Ìtàn Bá Parí Tán: Ìgbé-Ayé Àwọn Ẹ̀dá Inú Géèmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ìgbà tí olè kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe yìí bá ọ̀ràn kan mu tí ó ti ń da àwọn tí ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà láàmú fún ọdún púpọ̀. Akọni inú géèmù yóò rin ìrìn-àjò gígùn, yóò bá ọ̀tá tí ó fẹ́ pa ayé run wọ̀yá ìjà, yóò sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá padà dé ìlú tí ó gbà là, gbólóhùn tí alágbẹ̀dẹ fi kí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé náà ni yóò tún fi kí i. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè yóò wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Kò sí ẹni tí ó dúpẹ́, kò sí ẹni tí ó bínú, kò sí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ àwọn tí ogun pa. Níbẹ̀ ni aṣeré, ìyẹn ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, yóò ti mọ̀ pé ère ni òun ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí wá.

Irú géèmù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe èyí tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Aṣeré fúnra rẹ̀ ni yóò sọ akọni rẹ̀ lórúkọ, òun ni yóò sì yan iṣẹ́ fún un, ìbáà ṣe jagunjagun, oṣó tàbí olè. Ilẹ̀ gbígbòòrò ni wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìlú, oko, òkè àti igbó, ibi tí ó bá sì wù ú ni ó lè gbà. Ìtàn ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú wọn, ilẹ̀ náà kì í pòórá nígbà tí ìtàn bá parí. Òbí tí ó bá ṣe àkíyèsí lè rí i pé ọmọ òun ti borí ọ̀tá ìkẹyìn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ ó ṣì ń rìn kiri nínú ìlú náà lálaalẹ́. Kí ni ó ń wá? Ó ń wá ẹni tí yóò mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan níbẹ̀.

Nínú àlọ́, ọ̀ràn yìí kò sí. Ìjàpá lè kú nínú àlọ́ òní, kí ó sì tún jí sáyé nínú àlọ́ ọ̀la, ọmọdé kankan kò ní í béèrè bí ó ti ṣe jí. Apàlọ́ ní àṣẹ láti dákẹ́, nígbà tí ó bá sì dákẹ́, olúkúlùkù á lọ sùn. Ti géèmù yàtọ̀. Apàlọ́ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbọ́ àlọ́ ṣì wà nínú ilé Ìjàpá, ó ń ṣí ìkòkò wò.

IṢẸ́ ÒÒJỌ́ NI Ó KỌ́KỌ́ DÉ

Nínú púpọ̀ nínú àwọn géèmù àkọ́kọ́, ńṣe ni ẹ̀dá-ìtàn máa ń dúró sójú kan tọ̀sán-tòru bí òpó. Ní ọdún 1988, Richard Garriott àti ilé-iṣẹ́ Origin Systems ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé géèmù Ultima V jáde, wọ́n sì fún àwọn ará ìlú inú rẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ àti àkókò ìsinmi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á jáde lọ síbi iṣẹ́; bí àkókò oúnjẹ bá tó, wọn á jẹun; bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn á lọ sùn. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó hàn pé àwọn ènìyàn náà ní ìgbé-ayé tiwọn, àti pé kì í ṣe nítorí àlejò nìkan ni wọ́n ṣe wà láyé.

Ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Bethesda ní ìpínlẹ̀ Maryland gbìyànjú láti lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú géèmù Oblivion, tí ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ ju 1,000 lọ. Wọn kò kọ gbogbo ìṣísẹ̀ ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún un ní ohun tí yóò máa lé. Bí wọ́n bá ní kí ó jẹun lọ́sàn-án, òun ni yóò wá bí yóò ti rí oúnjẹ náà: ó lè rà á, ó lè dẹ ẹran, bí kò bá sì níwà, ó lè jalè. Ohun tí ó tẹ̀yìn èyí yọ kọjá ohun tí wọ́n retí. Àwọn tí ó ṣe géèmù náà ròyìn pé nígbà tí wọ́n ń dán an wò, àwọn ẹ̀dá tí oògùn olóró ti di bárakú fún dìde, wọ́n pa ẹni tí ń tà á fún wọn. Nígbà tí aṣeré dé ibẹ̀ láti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti là á sílẹ̀, òkú rẹ̀ ni ó bá. Wọ́n ní láti kó àwọn ẹ̀dá náà níjàánu. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó wà láàyè ní tòótọ́ lè ba ìtàn jẹ́ mọ́ onítàn lọ́wọ́.

Géèmù Skyrim tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní ọdún 2011 ní ìrántí díẹ̀. Bí akọni bá jí ẹrù ẹnìkan, olóhun lè háyà àwọn jàǹdùkú láti lépa rẹ̀, a ó sì bá lẹ́tà tí orúkọ ẹni tí ó rán wọn wà nínú rẹ̀ lára òkú wọn. Bí ọ̀rẹ́ akọni bá kú, ońṣẹ́ lè sáré bá a lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìwé pé olóògbé náà pín ogún fún un. Ogun abẹ́lé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìhà tí ó bá ṣẹ́gun ni yóò yan àwọn tí yóò jókòó sórí oyè, àwọn tí wọ́n rọ̀ lóyè yóò sì lọ máa gbé ní ààfin ẹlòmíràn bí ìsáǹsá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alduin, ọ̀gá àwọn dírágónì tí ó fẹ́ jẹ ayé run, bá kú tán, ìyípadà tí ń dé bá ìgboro kò tó nǹkan. Àwọn dírágónì yòókù ṣì ń fò wá jà. Ẹ̀ṣọ́ ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ àná. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀bẹ tí a jí ní ẹni tí ń rántí rẹ̀ ju ayé tí a gbà là lọ.

OMI TÍ Ó DÉ LẸ́YÌN ÌTÀN

Géèmù tí ó fi ọ̀ràn yìí hàn kedere jù lọ ni Fallout 3, tí Bethesda kan náà gbé jáde ní ọdún 2008. Inú ahoro ìlú Washington ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 2277, lẹ́yìn tí ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ba ayé jẹ́. Oró bọ́ǹbù náà ti wọ inú odò. Alágbe kan wà lẹ́yìn odi ìlú Megaton tí kì í tọrọ owó. Omi mímọ́ ni ó ń tọrọ. Bàbá akọni fi ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ kan tí yóò sọ omi odò di mímọ́, ó sì kú sídìí rẹ̀. Ọmọ ni ó parí iṣẹ́ baba. Ní òpin ìtàn, ẹnìkan ní láti wọ inú yàrá ẹ̀rọ náà tí oró kún, kí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Bí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, ohùn kan sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, géèmù sì parí pátápátá.

Àwọn aṣeré kò gbà. Ẹ̀dùn wọn kan ni pé akọni lè ní ẹnìkejì kan tí oró náà kò lè ràn, síbẹ̀ ẹni náà kọ̀ láti wọlé dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn tí ó ga jù ni pé kò sí ẹni tí ó rí ìlú kan tí ó mu omi náà. Wọ́n ti wá omi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, wọ́n rí i, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ wọn lójú.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ náà gbé àfikún kan jáde tí wọ́n pè ní Broken Steel. Nínú rẹ̀, akọni kò kú mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó jí lórí ibùsùn. Ibi tí ó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé géèmù ti kọ́ṣẹ́ wà níhìn-ín. Omi mímọ́ ti ń jáde, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní láti gbé e dé ìlú. Nítorí náà màlúù olórí méjì ń ru omi káàkiri, àwọn ọmọ-ogun sì ń tẹ̀ lé wọn. Bí ẹrù tí ó níye lórí ti wà lójú ọ̀nà, àwọn dánàdánà yọ sí i. Nínú ìlú kan tí àwọn ènìyàn tí oró bọ́ǹbù ti bó lára ń gbé, oníjìbìtì kan tí ń jẹ́ Griffon bẹ̀rẹ̀ sí í ta ayédèrú omi fún wọn, ó ní yóò wo ara wọn sàn. Ní ìtòsí Megaton, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan dìde tí ó ń pín omi tí wọ́n pè ní omi ìyàsímímọ́.

Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ó ga bí ìtàn bàbá àti ọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni, ọ̀rọ̀ olè ni, ọ̀rọ̀ ayédèrú ọjà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mú kí ahoro náà dà bí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ìṣẹ́gun akọni ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìlú, olúkúlùkù sì ń fi ṣe ohun tí ó wù ú: ẹni rere ń pín in, ẹni búburú ń bù mọ́ ọn. Bí a ti ń mọ̀ pé ẹ̀dá wà láàyè nìyẹn. Kì í ṣe nípa ọ̀rọ̀ ìyìn tí ó sọ fún akọni, bí kò ṣe nípa ohun tí ó ń ṣe nígbà tí akọni kò sí nítòsí.

ÌDÍ TÍ Ó FI ṢÒRO

Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ni ó fà á. Bí ìtàn bá fún aṣeré ní ìpinnu mẹ́ta, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà méjì, òpin 8 ni ó lè ti ibẹ̀ yọ. Bí ìpinnu náà bá di mẹ́wàá, òpin yóò di 1,024. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí alágbẹ̀dẹ yóò sọ ní ìkọ̀ọ̀kan nínú òpin wọ̀nyí ni ẹnìkan ní láti kọ, kí ẹlòmíràn sì fi ohùn sọ. Láìka ti òpin púpọ̀ mọ́ ọn, gbólóhùn inú Skyrim ti ju 60,000 lọ, àwọn tí wọ́n sì fi ohùn sọ ọ́ ju 70 lọ.

Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń wá ọ̀nà àbùjá. Géèmù Fallout: New Vegas ti ọdún 2010 parí níbi ogun ìkẹyìn, ó sì fi àwòrán àti ohùn ròyìn bí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ṣe lẹ́yìn náà, aṣeré gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n kò lè débẹ̀. Géèmù Zelda tí àwọn ará Japan gbé jáde ní ọdún 2017, èyí tí wọ́n pè ní Breath of the Wild, dá ọwọ́ aago padà: bí a bá pa ọ̀tá tán, a ó tún bá ara wa ní àkókò tí ó ṣáájú ìjà náà, ọ̀tá sì wà láàyè. Ìwọ̀nyí kò ná wọn lówó púpọ̀, wọn kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Poland tí ó ṣe The Witcher 3 mú ọ̀nà ìrẹ̀lẹ̀ kan nínú àfikún tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016. Wọn kò gbìyànjú láti yí gbogbo ayé padà. Wọ́n fún akọni náà, Geralt, ní ilé kan àti oko èso àjàrà, ní òpin rẹ̀ ẹnìkan tí ó fẹ́ràn sì wá kí i níbẹ̀. Ìwà tí aṣeré ti hù sẹ́yìn ni yóò pinnu ẹni tí àlejò náà yóò jẹ́. Àlejò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó rántí.

Ẹ̀RỌ TÍ Ń DÁ RÁNTÍ

Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Stanford àti ilé-iṣẹ́ Google lo ọgbọ́n àtọwọ́dá láti dá ìlú kékeré kan tí ó ní ẹ̀dá 25. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ìrántí ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́, ó ń ronú lé e lórí, ó sì ń fi ṣètò ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n fi èrò àtiṣe àríyá ọjọ́ olólùfẹ́ sọ́kàn ẹyọ kan nínú wọn, wọ́n sì jókòó wò wọ́n. Ìròyìn àríyá náà tàn káàkiri láti ẹnu dé ẹnu. Ẹ̀dá 12 ni a pè. 5 ni ó wá.

Àwọn 7 tí kò wá náà yẹ ní kíkíyèsí. Àwọn kan nínú wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí ó dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó lè kọ ìpè nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dí ti sún mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n owó tabua ni ìdánwò ọjọ́ díẹ̀ yìí ná wọn, ìyọnu Oblivion sì tún wà níbẹ̀: ẹ̀rọ tí ń dá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lè sọ ohun tí kò bá ìtàn mu. Bí ẹ̀rọ bá sì fún alágbẹ̀dẹ ní ẹgbẹ̀rún gbólóhùn tuntun lójúmọ́, tí kò sí nǹkan kan tí ó yí padà nílé rẹ̀ tàbí nínú ọjà rẹ̀, aṣeré yóò tún sú.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ géèmù lóde òní kò ní láti dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó kọ òpin ìtàn: iṣẹ́ wo ni ọkùnrin yìí yóò jí ṣe lọ́la? Kí ni obìnrin yìí kò ní í gbàgbé láéláé? Ta ni ìṣẹ́gun yìí pa lára? Ẹni márùn-ún tí a dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún níyì ju ẹgbẹ̀rún ère tí ń kí ni lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣàjèjì sí ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ mú jìnnà sílé. Ọjọ́ tí ó bá délé fún ọdún, yóò rí i pé ìlú kò dúró de òun: ọmọdé àná ti di baálé ilé, ọjà ti ṣí kúrò níbi tí ó wà, ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó sì ti ṣí lọ. Inú rẹ̀ lè bàjẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí pé ìlú náà wà láàyè. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìlú inú géèmù tí ó bá fẹ́ jọ ìlú ní láti gba òwe yẹn gbọ́.