Ta Ni Yóò Tọ́jú Orúnkún Àwọn Ọmọ Wa?

Ní ilẹ̀ Okun, "okun" ni àwọn ènìyàn fi ń kí ara wọn. Agbára ara ni wọ́n ń tọrọ fún ẹni tí wọ́n kí. Ṣùgbọ́n bí orúnkún ọmọ Ponyan kan bá yẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, ta ni yóò dá agbára náà padà fún un? Ọ̀pọ̀ òbí a máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Àwa kò bu iṣẹ́ wọn kù rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé iṣan tí ó so eegun mọ́ eegun ni ó já, títò nìkan kò tó. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti í kọ́ ẹsẹ̀ ní ìrìn àti eré sísá padà díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì nìyẹn.

Nítorí náà ni a ṣe ń bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ Okun sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti gba oyè nínú iṣẹ́ yìí, tí ẹ sì ń wá ibi tí ẹ ó ti kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ìtọ́jú àwọn eléré ìdárayá. Ẹ má kọ́kọ́ wá orúkọ yunifásítì. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2014, Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20, tí ọ̀dọ́kùnrin 416 wà nínú wọn. Fún oṣù mẹ́fà, apá kan ń ṣe ìdárayá FIFA 11+ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Apá kejì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìpalára fi ìdá 41 nínú 100 dín láàrin àwọn ti ìṣáájú. Ìdárayá náà kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Owoeye kan náà ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ wá ọ̀gá tí yóò tọ́ yín sọ́nà. Ẹ ka ohun tí ó ti kọ, kí ẹ tó kọ lẹ́tà ṣókí sí i. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú: oyè DPT ti Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ láti di oníṣẹ́ ni, PhD ni ti ìwádìí. Kò sì pọn dandan kí ẹ sọdá òkun. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní fisiotẹ́rápì láti ọdún 1966, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, fún ẹni tí ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ti owó, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Commonwealth, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1959, wà fún ẹni tí ó bá tóótun láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. TETFund sì ń ran àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin àgbà Ponyan àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí. Bí ọmọ bá kàwé tán, tí kò bá rí iṣẹ́ tàbí yàrá ìtọ́jú nílé, orúnkún ọmọ ẹlòmíràn ni yóò máa tọ́jú lókèèrè. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú dáwó, kí ìjọba pèsè àyè. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.