Ohùn bàbá wà nínú fódà wo?

Láti Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òkè, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàbá ahunṣọ kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ta òwú kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Nígbà tó yá, bàbá kú. Ọmọbìnrin wọn pè mí: "Àbúrò, ṣé ohùn bàbá wa ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?" Àyà mi já. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù mi ń pariwo pé àyè ti kún, tí mo fẹ́ pa gbogbo ohùn WhatsApp rẹ́.

Mo wá a nínú chat títí, ọwọ́ ro mí. Ni mo bá gba inú fódà lọ. Tẹ́ ẹ bá ń wá ilé ẹnì kan ní Ṣakí, ẹ ó kọ́kọ́ béèrè àdúgbò, lẹ́yìn náà agboolé, kẹ́ ẹ tó kan yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì rí.

Ẹ ṣí Files by Google, tàbí My Files tó bá jẹ́ Samsung lẹ ń lò. Ẹ wọ Internal storage. Láti Android 11, ọ̀nà rẹ̀ nìyí: Android, media, com.whatsapp, WhatsApp, Media, WhatsApp Voice Notes. Ẹ ó bá àwọn fódà tó ń jẹ́ nọ́ńbà níbẹ̀. 202418 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2024. Orúkọ fáìlì inú rẹ̀ náà ní ọjọ́ nínú: PTT-20240503 jẹ́ ohùn ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti bá bàbá.

Ṣé ojoojúmọ́ la ó máa rin ìrìn yìí? Rárá o. Lórí My Files, ẹ tẹ fódà náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ More, kẹ́ ẹ yan Add to favorites. Lórí kọ̀ǹpútà Windows 10 tàbí 11, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà, kẹ́ ẹ yan Pin to Quick access. Yóò máa dúró dè yín lápá òsì.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ọ̀nà àbùjá lásán lèyí. Kò ṣe ẹ̀dà fáìlì. Tí fáìlì bá ti parẹ́, ọ̀nà náà ò ní gbé e padà wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí fódà tuntun, mo pè é ní "Ohùn Àgbà", mo ṣe ẹ̀dà ohùn bàbá síbẹ̀, mo yí orúkọ rẹ̀ padà, kí n tó fi fódà náà sí favorites. Mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wọn.

Tí fóònù yín bá ní àyè ti kún lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ wo ohùn ẹni tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Ó dìgbà o.