Ẹni Bíni Là Á Jọ: Ọ̀rọ̀ Èérún Igi ní Kàtákò

Gbogbo wa la mọ̀ pé pákó ni "katako" ń jẹ́ lédè Háúsá. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń la pákó, èérún igi kì í wọ́n níbẹ̀. Èérún ìrókò, ìrókò náà ni. Kò lè di arère.

Ohun tí àwọn Òyìnbó rí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọmọ tó fìwà jọ òbí rẹ̀ ní "a chip off the old block". Òbí ni ìtì igi, ọmọ ni èérún tó já bọ́ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní 400 ọdún. Ní 1781, nígbà tí William Pitt ọmọ William Pitt kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin ní Lọ́ńdọ́nù, Edmund Burke ní kì í ṣe èérún ìtì náà, ìtì náà gan-an ni. Ọdún mẹ́ta kò pé tí Pitt kékeré fi di olórí ìjọba, lọ́mọ ọdún 24.

Ìyìn tàbí ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe, ìwà àti iṣẹ́ ló sì bá mu ju ojú lọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé má sọ ọ́ lójú àgbà o: ta ni yóò pe bàbá onílé ní ìtì igi àtijọ́?

Tiwa ti wà nílẹ̀ tipẹ́: "Ẹni bíni là á jọ", "Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran." Ẹ wo ìdílé Ransome-Kuti l'Ábẹ́òkúta. Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti kọrin sínú àwo ní Lọ́ńdọ́nù ní 1922. Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, kọrin tí gbogbo ayé gbọ́. Fẹ́mi àti Ṣeun, àwọn ọmọ Fẹlá, náà ń kọrin.

Ṣùgbọ́n rere nìkan kọ́ lọmọ ń jogún. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní September 2001, tó tún wáyé ní 2008 àti 2010, kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà lè máa kórìíra aládùúgbò lónìí, nítorí ohun tó ń gbọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́. Òwú ìkórìíra tí a bá gbọ̀n nílé, òun náà ni wọn yóò ran níta.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa. Bí èérún bá ń gún ni lẹ́sẹ̀, ìtì ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò.