Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, adìyẹ àti ẹ̀fọ́ nínú abọ́ kan

Iyán ni gbogbo ayé mọ Èkìtì mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ní Adó-Èkìtì kì í sábà ní agbára àtigúnyán mọ́. Ìrẹsì ló máa ń yá. Àléébù ibẹ̀ ni pé ìrẹsì nìkan ló máa ń kún abọ́, ọbẹ̀ ata díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹran ẹyọ kan, ẹ̀fọ́ kò sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ìrẹsì àti adìyẹ pín ìdajì tó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa jẹ gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́.

Ìgbẹ́mọ-Èkìtì kò jìnnà sí Adó, ìrẹsì sì ni orúkọ ìlú náà fi ń jáde. Kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀, wọ́n á ti rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a. Bíbọ̀ yìí ló ń ti fítámì B1 láti ara awọ wọ inú kóró ìrẹsì. Ìrẹsì tí wọn kò bọ̀, tí ẹ̀rọ wá bó títí ó fi funfun báláú, ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Adìyẹ gan-an ló la àwọn onímọ̀ lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, rí i ní erékùṣù Java pé ẹsẹ̀ àwọn adìyẹ òun kò gbé wọn mọ́. Ìrẹsì funfun tó ṣẹ́kù nílé ìwòsàn ológun ni wọ́n ń jẹ. Alásè tuntun kọ̀, kò fún wọn ní ìrẹsì ológun mọ́. Wọ́n padà sórí ìrẹsì tó ṣì ní awọ lára, ara wọn sì yá. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Eijkman ní 1929.

Tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ máa da ìrẹsì àti omi láti inú abọ́ kan sí èkejì díẹ̀díẹ̀, òkúta á kù sísàlẹ̀, kí ẹ wá gbé ìrẹsì kaná. Bó ṣe ń jinná lọ, ẹ gé àyà adìyẹ wẹ́wẹ́, ẹ fi atalẹ̀, aáyù, ata rodo àti iyọ̀ díẹ̀ ra á. Ẹ má fọ adìyẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, omi tó ń ta ló ń gbé kòkòrò àìfojúrí kiri ilé ìdáná. Iná ló ń pa wọ́n. Ẹ da ẹran sínú òróró ṣíbí kan tó ti gbóná, kó dún ṣàà, ẹ rò ó títí inú rẹ̀ kò fi ní pupa mọ́. Kárọ́ọ̀tì, àlùbọ́sà àti tàtàṣé ló tẹ̀lé e, tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ ló kẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú méjì péré. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ká bọ ẹ̀fọ́, ká fún un gbẹ. Fítámì C ń bá omi yẹn lọ.

Àjẹṣẹ́kù ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì, Bacillus cereus, tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá wà níta nínú ooru wa, á pọ̀ sí i, á sì pọ májèlé tí gbígbé e padà sórí iná kò lè ràn. Kí wákàtí méjì tó pé, kó ti wọ fíríìjì. Bí iná ọba kò bá sí, ẹ se ìwọ̀n tí ilé máa jẹ tán.