Gbèsè Oríkì Tí A Jẹ Modúpẹ́ Òṣíkọ̀yà

Ní Ìlá Ọ̀ràngún àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí eégún bá jáde, àwọn obìnrin ilé wà lára àwọn tí ó máa ń tẹ̀ lé e, tí wọn a sì máa ki oríkì ìdílé tí ó ni ín. Ẹnu obìnrin ni òkìkí ọ̀pọ̀ akọni ti ń jáde. Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín ni èyí: bí obìnrin fúnra rẹ̀ bá di akọni, ta ni yóò kì í? Kí ọ̀rọ̀ wa lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn ẹnìkan ṣoṣo yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 1954 ni a bí Modúpẹ́ Òṣíkọ̀yà. Ọmọ ọdún 18 ni ó jẹ́ nígbà tí ó wà lára àwọn tí ó ṣojú Nàìjíríà ní Ìdíje Òlíńpíìkì ní Munich, ní 1972. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1973, Èkó gba àlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Níbẹ̀ ni ó ti gba wúrà mẹ́ta: nínú fífò jìnnà, nínú fífò sókè, àti nínú eré 100 mítà tí a ń fi fo igi ìdènà.

Ọdún kejì ni òkìkí rẹ̀ kọjá Áfíríkà. Ní Ìdíje Commonwealth ní Christchurch, ní New Zealand, ní 1974, ó fo mítà 6.46, ó sì di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú ìdíje náà. Violet Odogwu ni ó ti la ọ̀nà sílẹ̀ nígbà tí ó gba idẹ nínú fífò jìnnà kan náà ní Kingston, ní 1966. Ní Christchurch yìí kan náà, Òṣíkọ̀yà gba idẹ nínú eré onígi ìdènà, ó sì gba fàdákà nínú ìdíje alápá márùn-ún, níbi tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń fo igi, tí ó ń ju irin, tí ó ń fò sókè, tí ó ń fò jìnnà, tí ó sì ń sáré 200 mítà. Mary Peters, tí ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Munich, ni ó fi máàkì 32 péré ṣíwájú rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni ó gba àròjinlẹ̀. Ní oṣù Keje 1976, orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó lé ní ogún kọ Òlíńpíìkì Montreal sílẹ̀. Ẹgbẹ́ rọ́gbì New Zealand lọ bá Gúúsù Áfíríkà ṣeré, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ iléèwé tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà pa ní Soweto kò tí ì gbẹ. Àwọn alákòóso Òlíńpíìkì kò lé New Zealand. Nàìjíríà sì pe àwọn eléré rẹ̀ padà sílé. Ní 1978, nítorí New Zealand kan náà, Nàìjíríà kò lọ sí Ìdíje Commonwealth ní Edmonton, níbi tí Òṣíkọ̀yà ì bá ti gbèjà oyè rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti rí: ilẹ̀ tí ó ti gba wúrà ni ó di ìdí tí ọ̀nà fi dí. Bẹ́ẹ̀ ni okun kò tí ì tán nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé lọ́dún náà, ní Algiers, ó tún borí nínú fífò jìnnà ní Ìdíje Gbogbo Áfíríkà.

N kò sọ pé Nàìjíríà ṣì í ṣe. Ẹni tí ó bá rántí Soweto kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba ni ó gba ìyìn fún ìpinnu náà, àwọn eléré ni wọ́n sì san owó rẹ̀. Ìgbà tí ara eléré le koko kì í pẹ́, bí ó bá sì ti lọ, kì í padà.

Àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ pé oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. A máa sọ ti ogun tí a ṣẹ́, a sì máa sọ ti àdánù tí ó bá ìdílé. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ki Òṣíkọ̀yà gbọdọ̀ ka Montreal àti Edmonton mọ́ Èkó àti Christchurch.

Ní 1996, ní Atlanta, Chioma Ajunwa fo mítà 7.12, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì. Ní 2022, Tóbi Àmúsàn fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fo igi ìdènà, kò sì sí obìnrin kan ní ayé tí ó ti yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú wa dùn, nítorí àwọn àgbà ní bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ jó lójú agbo náà ń retí oríkì tirẹ̀. Gbèsè ni, ẹ jẹ́ kí a san án nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́.