Ẹ̀rù Inú Igbó, Ẹ̀rù Inú Ilé: Àkàrà-ògùn àti Bàbá Rẹ̀ Nínú Ìwé Fágúnwà

Bí a bá ka ìwé D. O. Fágúnwà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn iwin àti ẹbọra ni ó máa ń kọ́kọ́ gba àfiyèsí wa. Bí a bá kà wọ́n pọ̀, ibi tí ẹ̀rù ti ń wá yóò yí padà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn sì ni akọni inú rẹ̀. Ní 1949 ni Igbó Olódùmarè jáde. Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ni akọni tirẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn ní títẹ̀ ni ó ṣáájú nínú ìtàn.

Ohun tí ó ń wáyé léraléra nínú ìwé méjèèjì ni ìpàdé ọdẹ àti ẹ̀dá abàmì. Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún, dojú kọ ọmọ. Èṣù-kékeré-òde àti Ańjọ̀nnú Ìbẹ̀rù dojú kọ bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní í sábà ṣáájú ìjà: ìhàlẹ̀, ìfọ́nnu, ìdáhùn, kí ọwọ́ tó kan ara. N kò ka àtúnwí yìí sí àìtó ọgbọ́n ìṣẹ̀dá. Ọ̀tá tí ó ti ki ara rẹ̀ fún ọ ti fi ààlà sí ẹ̀rù tí ó lè dá bà ọ́, òun gan-an ni ó sì ń jẹ́ kí òǹkàwé rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí ó ti máa gbọ̀n. (Ẹni tí ó bá ti ka ìfọ́nnu Ańjọ̀nnú Ìbẹ̀rù sókè ní kíláàsì yóò jẹ́rìí.)

Ti inú ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé 1938, Àkàrà-ògùn sọ fún wa pé àjẹ́ paraku ni ìyá òun, àti pé ìbọn bàbá òun ni ó pa á: ẹranko ni ọdẹ náà rò pé òun yìnbọn fún. Kò sí ìhàlẹ̀, kò sí oríkì. Fágúnwà kò fi ojú ewé púpọ̀ ṣòfò lórí ọ̀ràn yìí, síbẹ̀ òjìji rẹ̀ bo ìwé bàbá. Nígbà tí Olówó-ayé bá ń fẹ́ ìyàwó nínú Igbó Olódùmarè, òǹkàwé ti mọ ibi tí ìbọn yẹn yóò bà.

Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ọn pé kí a to àwọn ìwé náà fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ìtàn ṣe tò, bàbá ṣáájú ọmọ. Fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti Igbó Olódùmarè, ìgbéyàwó náà kò ju ìsinmi lẹ́yìn ìjà lọ. Fún ẹni tí ó bá ti inú ìwé 1938 wọ ibẹ̀, òun ni ó bani lẹ́rù jù, ó ju ẹnubodè Ańjọ̀nnú Ìbẹ̀rù lọ.