Kí ló ń mú kí etí gbọ́ ohùn láàárín ariwo ọjà Duala?

Ariwo ni èèyàn máa kọ́kọ́ pàdé ní ọjà Duala, ní Bushrod Island nílùú Monrovia, tó jẹ́ olú ìlú Liberia. Ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní pehn-pehn ń fọn fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń kùn, àwọn oníṣòwò sì ń polówó ọjà.

Síbẹ̀, oníbàárà ń gbọ́ iye tí wọ́n dá lé ẹja. Báwo ló ṣe ń ṣeé ṣe?

Bí ìró ṣe ń dé etí

Ohun tó bá gbọ̀n máa ń ti afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á ti èyí tó tẹ̀lé e, títí yóò fi kan awọ inú etí. Bí awọ gángan ṣe ń gbọ̀n tí kọ̀ǹgọ́ bá bà á ni awọ etí náà ṣe ń gbọ̀n.

Eegun kéékèèké mẹ́ta ló máa gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn irun tín-ín-rín inú etí, tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ.

Àmọ́ ìró náà gbọ́dọ̀ gbọ̀n tó ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì gbọdọ̀ ju ìgbà 20,000 lọ. Láàárín 2,000 sí 5,000 ni etí ti ń gbọ́ dáadáa jù.

Ìró ńlá tún máa ń bo kékeré mọ́lẹ̀, pàápàá tí méjèèjì bá jọra. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn nísàlẹ̀, nítorí náà ohùn tó bá lọ sókè lè yọ. Ojú náà ń ran etí lọ́wọ́, torí oníbàárà ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀

Tí irun inú etí bá ti kú, kì í hù mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ariwo tó bá tó desibẹ́ẹ̀lì 80 kò léwu fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni.

Ariwo nìkan kọ́ ló ń di etí. Ibà Lassa, tó ń jà ní Liberia àti Nàìjíríà, máa ń di etí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ẹnìkan nínú mẹ́rin tó bá yè é. Ìdajì wọn ló máa ń padà gbọ́ràn díẹ̀ láàárín oṣù kan sí mẹ́ta.

Fún ẹni tó ń fi ohùn àti etí tajà, àdánù ńlá ni. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbi tí ẹ jókòó sí, ẹ fún etí nísinmi, bí etí bá sì ń hó, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn.